Iná Kì í Fọ Ike: Ohun tí Iṣẹ́ Ìfọke Kọ́ Mi l'Abẹ́òkúta

Àwọn tó bá yà sílé iṣẹ́ wa níhà Láfẹ́ńwá, ìdí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike ni wọ́n máa ń lọ dúró sí. Ẹ̀rọ náà gùn, ó gbóná, ó ń pariwo, ike tó ti yọ́ sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ní fọ́nrán-fọ́nrán, kò sí bí kò ṣe ní wu èèyàn wò. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí kì í sì í yàtọ̀: "Àǹtí, ṣé bó ṣe ń yọ́ yìí náà ni ìdọ̀tí ara ẹ̀ ń jóná dànù?" Rárá o. Ìdọ̀tí tó bá bá ike wọná, inú ike ló máa jókòó sí. Iyanrìn kì í jóná. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìwé mọ́ ara ìgò, bó bá jóná, á di èédú, èédú náà ò sì ní kúrò lára ike yẹn mọ́, ì báà di abọ́, ì báà di páìpù. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí lohun tí iṣẹ́ yìí ti fi yé mi: kí ike tó rí iná rárá ló ti gbọ́dọ̀ mọ́, omi àti ojú àti ọwọ́ èèyàn ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ike jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ò ní mọ ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mólékù kéékèèké ni wọ́n so kọ́ra wọn di ẹ̀wọ̀n gígùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ẹyọ ẹ̀wọ̀n kan. Òun làwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́límà. Gígùn ẹ̀wọ̀n yẹn ni agbára ike. Bó bá gùn, ike á le, á ṣeé fẹ́ di ìgò, á ṣubú láì fọ́. Bó bá já sí wẹ́wẹ́, ike á gbẹ, á máa ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ní Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ wa jáde ni wọ́n fi ń ṣe irú ike méjì tí a ń pè ní PE àti PP. Nírú ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, wọn kì í kàn kó ike jáde bó ṣe ti inú ẹ̀rọ bọ́. Gáàsì tí kò ríbi so mọ́ ẹ̀wọ̀n ṣì máa ń há sáàárín horo ike. Wọ́n á wá da horo náà sínú táńkì gíga, wọ́n á máa fẹ́ náítírójìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí gáàsì yẹn á fi bá a jáde. Ti PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọdún 1974, ó ti hàn gbangba pé gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe PVC ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ tó ń fà á símú, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n máa fi ooru omi lé ṣẹ́kù gáàsì náà kúrò lára ike kí wọ́n tó tà á. Torí náà, ike tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jà, mímọ́ ló dé. Àwa tá a lò ó la da epo, ẹrẹ̀, bẹntiróòlù àti gọ́ọ̀mù sí i lára. Iṣẹ́ tèmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni láti dá a padà síbi tó ti kúrò, a ò sì ní ẹ̀rọ olówó gọbọi tí wọ́n ní l'Eleme.

Kútọ̀, Pánṣẹ́kẹ́, Ìtòkú, Ọbáńtokò, ibẹ̀ làwọn tó ń ṣa ike ti ń kó ọjà wá fún wa, àwọn kan lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn kan lórí ọmọlanke. Bí òde àríyá bá pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àárọ̀ Mọ́ńdè la máa ń mọ̀. Ìgò omi àti ti mínírà ló ń pọ̀ jù, PET ni. Kẹ́ẹ̀gì jẹ́ PE líle, ìdérí ìgò jẹ́ PE líle tàbí PP, bọ́kẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ PP, ọ̀rá piọ́ wọ́tà sì jẹ́ PE rírọ̀. Nọ́ńbà wà nídìí ọ̀pọ̀ wọn nínú àmì onígun mẹ́ta: 1 fún PET, 2 fún PE líle, 3 fún PVC, 4 fún PE rírọ̀, 5 fún PP, 6 fún ike fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe kọ́ọ̀pù àlòsọnù, 7 fún gbogbo ìyókù. Mo ti mọ àwọn nọ́ńbà yìí lórí ìwé kí n tó débí. Àmọ́ àwọn màmá tó ń ṣa ike lórí tábìlì wa kì í wo nọ́ńbà. Wọ́n á fún ìgò lọ́wọ́, wọ́n á gbọ́ bó ṣe dún, wọ́n á sì jù ú síbi tó yẹ kó lọ.

PVC ló ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò pọ̀ mọ́ nínú ìgò, ṣùgbọ́n ó ṣì wà: ìgò kẹ́míkà kan, ìgò ìpara kan, ọ̀rá tó fún mọ́ ara ìgò mìíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mọ́ gaara bíi PET, ó sì wúwo bíi PET, ìyẹn ló jẹ́ kó léwu. PET kì í yọ́ títí á fi dé nǹkan bí 250°C, wọ́n sì máa ń gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ kó tó ṣàn dáadáa. PVC ò lè fara da irú ooru yẹn. Ní nǹkan bí 200°C ló ti ń tú ká, ásíìdì háídírókílọ́ríìkì ló sì ń jáde lára rẹ̀. Ásíìdì yìí á gé ẹ̀wọ̀n PET, gbogbo rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, tóótòòtó dúdú á fọ́n ká inú rẹ̀, irin inú ẹ̀rọ á sì máa jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra ìgò lílọ̀, èyí tí a ń pè ní fléèkì, fi máa ń kọ ìwọ̀n PVC tí wọ́n lè gbà sínú àdéhùn. Ó sábà máa ń jẹ́ 100 gíráàmù nínú tọ́ọ̀nù kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìgò mélòó kan péré sì ni 100 gíráàmù. Mo ti fojú mi rí ẹrù ọkọ̀ kan tí wọ́n dá padà láti Ọ̀tà fún àwọn tó kó o lọ, nítorí PVC nìkan. Owó dísù lọ, owó alábàárù lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba ike náà mọ́.

Màmá tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń ṣa ike ló kọ́ mi béèyàn ṣe ń dá a mọ̀. Mo ń yí ìgò kan síwá sẹ́yìn nígbà tí wọ́n pè mí.

"Kí lò ń wá lára ìgò, ọmọ mi?"

"Nọ́ńbà ni mà. Ó ti parẹ́."

"Fi nọ́ńbà sílẹ̀. Wo ìdí ẹ̀. Ìgò omi máa ń ní ìdodo láàárín gbùngbùn. Eléyìí ò ní, ilà ló gba ìdí ẹ̀ kọjá."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo lọ ka ìdí rẹ̀ nígbà tó yá. Kí PET tó di ìgò, wọ́n á kọ́kọ́ rọ ọ́ sínú móòdù, á di ọ̀pá kékeré tó nípọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fi afẹ́fẹ́ fẹ̀ ẹ́. Ojú ibi tí ike gbígbóná gbà wọ móòdù ló kù sí ìdí ìgò. Ìgò PVC, wọ́n máa ń gbá a mú láàárín móòdù méjì tó pàdé, ibi tí móòdù ti fún un já ló sì fi ilà sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún màmá, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo sì ń ṣe é. Ohun mìíràn tí wọ́n fi hàn mí ni ká ṣẹ́ ike náà po: PVC á fi ilà funfun sílẹ̀ níbi tó ti ká. Bó bá ṣì rú wa lójú, a máa ń mú wáyà kọ́pà, a ó fi iná sun ún títí á fi pọ́n, a ó fi kan ike náà, a ó tún dá wáyà padà sínú iná. Bí ọwọ́ iná bá di àwọ̀ ewé, kílórínì wà níbẹ̀. Ìta gbangba la ti ń ṣe èyí o, a ó sì dúró síbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé èéfín náà bọ̀ wá síni nímú.

Omi ló ń bá wa ṣe èyí tó rọrùn. Lítà omi kan wọn kílò kan. PET tó bá gba àyè lítà kan wọn nǹkan bí kílò 1.38, torí náà á rì. PE àti PP ò tó kílò kan, wọ́n á léfòó. Bí a bá lọ ìgò pọ̀ mọ́ ìdérí rẹ̀, tí a dà á sínú táńkì gígùn, ìdérí á wà lókè, ìgò á wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti fọwọ́ ṣí ìdérí kankan. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ń kó ìgò wá pé kí wọ́n fi ìdérí sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìdérí ní olùrà tirẹ̀, ìgò tó bá sì ní ìdérí kì í kó iyanrìn sínú. Nọ́ńbà 6 wọn nǹkan bí 1.05, á rì nínú omi lásán, ṣùgbọ́n bí a bá fi iyọ̀ sómi tó bó ṣe yẹ, á gbéra. PVC ni omi ò lè bá wa yọ láàárín PET. Nǹkan bí 1.4 ni tirẹ̀, wọ́n á jọ rì ni. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò lè rí sórí ike bó ṣe ń lọ lórí bẹ́líìtì, ẹ̀rọ á mọ irú èyí tó jẹ́, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ èyí tí wọn ò fẹ́ sọnù. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn màmá yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, owó iṣẹ́ wọn sì yẹ kó fi hàn bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ èyí fáwọn ọ̀gá mi, mi ò sì ní yé sọ ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti bá mi lára mu jù ni ìdí omi gbígbóná. Ilé aládìírẹ ni wọ́n bí mi sí, ní Ìtòkú, kọ́sítíìkì sódà kì í sì í ṣe àjèjì sí ọmọ aládìírẹ. Òun ni wọ́n ń fi sínú aró òyìnbó kí aró lè yòrò, kó sì wọ aṣọ. Ohun tí ìyá mi tẹnu mọ́ fún wa láti kékeré ni pé sódà là ń dà sómi, a kì í da omi sí sódà, torí bí omi bá bọ́ sórí sódà tó pọ̀, á hó lójijì, á sì ta síni lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni mo fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ilé ìfọke. Ẹni tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́, bàtà òjò àti awò ojú ò gbọ́dọ̀ súnmọ́ táńkì, ì báà jẹ́ ọ̀gá.

Fléèkì PET á wọ inú omi tó gbóná tó 80°C sí 85°C, tí kílò kan sí méjì kọ́sítíìkì wà nínú 100 lítà rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ tí kì í hó. A ó máa rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ́sítíìkì á sọ òróró di ọṣẹ, gọ́ọ̀mù á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ìwé tó ṣẹ́ kù á tú. Omi tútù lásán ń mú ẹrẹ̀ kúrò, kì í mú gọ́ọ̀mù kúrò. Mo ti rí fléèkì tí wọ́n fi omi tútù fọ̀ tó ń dán lójú, ṣùgbọ́n tí o bá fún un lọ́wọ́, á lẹ̀ mọ́ra wọn. Gọ́ọ̀mù yẹn ló ń di dúdú nínú iná.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń fẹ́ yára. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi sódà kún un, á tètè mọ́." Mi ò gbà fún wọn rí. Ohun tó so ẹ̀wọ̀n PET pọ̀ àti ohun tó so òróró pọ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n, kọ́sítíìkì tó lè gé ti òróró lè gé ti PET náà. Bí sódà bá le jù, tàbí tí omi bá gbóná jù, tàbí tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, ojú fléèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìwọ̀n rẹ̀ á sì dín kù. Àwọn tó ń hun aṣọ pọlísítà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí aṣọ lè rọ̀, ṣùgbọ́n kílò la fi ń ta fléèkì. Ẹni tó bá ń fi sódà jẹ ọjà rẹ̀, owó rẹ̀ ló ń dà sínú gọ́tà.

Lẹ́yìn omi sódà, omi tó mọ́ la fi ń ṣan án, ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í tó. Sódà tó bá kù lára fléèkì á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e dé iná, á gé ẹ̀wọ̀n, á sì jẹ́ kó pọ́n. Bébà lítímọ́ọ̀sì la fi ń yẹ omi tó kẹ́yìn wò. Bí bébà pupa bá ṣì ń di aláwọ̀ búlúù, a ò tíì ṣan án tán.

Omi tí a fi fọ ike ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń ká mi lára jù. Odò Ògùn ò jìnnà sí wa. Nínú odò yìí ni ilé omi Arákángá ti ń fa omi tó ń wọ ilé àwọn ará Abẹ́òkúta, odò kan náà ló sì ń ṣàn lọ sí ìhà Èkó, tí ilé omi Àdìyàn náà ń fà nínú rẹ̀. Omi tó ti inú táńkì wa jáde ní sódà, ọṣẹ, òróró, yíǹkì, èérún ìwé àti èérún ike tó kéré ju ọkà iyanrìn lọ. Bí a bá jẹ́ kó gba gọ́tà lọ, ẹja á jẹ ẹ́, àwa náà á sì jẹ ẹja. Nítorí náà, kòtò mẹ́ta oníbíríkì la gbẹ́. Omi á kọ́kọ́ dúró nínú àkọ́kọ́ kí iyanrìn àti èérún ìwé rọlẹ̀, a ó ré ohun tó léfòó kúrò lójú rẹ̀. Nínú èkejì la ti ń fi ásíìdì díẹ̀díẹ̀ pa agbára sódà, bébà lítímọ́ọ̀sì ló tún ń sọ fún wa ìgbà tó tó. Ẹ̀kẹta ní àsẹ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Èyí tó bá mọ́ tó nínú omi yẹn la ń dá padà láti fi ṣe ìfọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ ti ẹrẹ̀. Ó ń dín owó omi kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí owó ni mo fi dúró lé e lórí.

Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ní wàhálà tirẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, torí náà kílò kan rẹ̀ ní ojú tó pọ̀ gan-an tí iyanrìn lè lẹ̀ mọ́, ó sì máa ń ká mọ́ra wọn, kí omi má ráyè dé àárín. A gbọ́dọ̀ gé e, ká fi ẹ̀rọ gbò ó nínú omi, ká tún gbá omi kúrò lára rẹ̀ kó tó ṣeé yọ́. Yíǹkì tí wọ́n fi kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí i kì í kúrò nínú omi wa. Nínú iná, á di gáàsì, á sì pa ike láró. Ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ ní ihò tí gáàsì yẹn ń gbà jáde, ó sì ní asẹ́ wáyà tó ń mú iyanrìn àti ìdọ̀tí líle. Ihò yẹn àti asẹ́ yìí nìkan ni ìwẹ̀nùmọ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fúnra rẹ̀, asẹ́ ò sì lè mú ju ohun tó tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Bí ìfọ̀ ò bá dáa, asẹ́ á dí kíákíá, àwọn ọmọ á dá iṣẹ́ dúró láti pààrọ̀ rẹ̀, ike tó wà nínú ẹ̀rọ á sì máa jó níbi tó dúró sí. Ohun tó ń jáde látinú ọ̀rá piọ́ wọ́tà, dúdú tàbí eléérú ni. Ọ̀rá dúdú àti páìpù ni wọ́n fi ń ṣe. Iṣẹ́ gidi nìyẹn náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gbígbẹ. PE àti PP kì í mu omi. Bí ojú wọn bá ti gbẹ, ó tán. PET yàtọ̀, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sínú ara. Fléèkì la ń tà, a kì í yọ́ PET lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin yìí ṣe lágbára tó títí mo fi lọ wo bí olùrà wa kan ní Ọ̀tà ṣe ń sọ fléèkì wa di òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí omi inú PET má ju 50 gíráàmù lọ nínú tọ́ọ̀nù kan kó tó wọná. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi náà á máa gé ẹ̀wọ̀n ike nínú ooru 270°C, òwú á sì máa já. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀rinrin inú rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ sí i, ní 160°C sí 170°C, fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Oòrùn Abẹ́òkúta ò lè ṣe ìyẹn, kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Nínú oṣù Keje, tí òjò ń rọ̀ tọ̀sán tòru, fléèkì tó ti gbẹ tún lè mu omi padà bí ẹnu àpò bá ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí ibi tí ọjà wa ń lọ ni mo ti ń dí ẹnu gbogbo àpò kó tó kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń mú fléèkì gbẹ. Mo sì rọ àwọn tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa pé kí wọ́n lọ wo ibi tí olùrà wọn ti ń lo ọjà wọn. Ó kọ́ mi ju ìwé lọ.

Ohun tó lé sójú ike là ń fọ̀. Ohun tó ti wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì pẹ́ ti mu ún sínú ara. Ẹ lè fi kọ́sítíìkì fọ̀ ọ́, kó dán, kó mọ́ lójú; ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, bẹntiróòlù wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ sọ ike àlòkù di ohun ìgbóúnjẹ. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ rẹ ike sínú kẹ́míkà bíi tólúìnì àti benzophenone, wọ́n á gbé e gba gbogbo ìfọ̀ àti ooru ilé iṣẹ́ náà kọjá, wọ́n á wá wọn èyí tó kù nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo kà nípa ìdánwò yìí ni mo tó lóye bí ojú lásán ò ṣe lè jẹ́rìí sí ike.

Fún PET, ọ̀nà wà. Wọ́n á gbé horo rẹ̀ sínú táńkì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tàbí tí náítírójìn ń fẹ́ nínú rẹ̀, ní nǹkan bí 200°C sí 220°C, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò ní yọ́. Ohun tó ti wọ inú rẹ̀ á máa fò jáde díẹ̀díẹ̀, orí ẹ̀wọ̀n tó ti já á sì tún máa so mọ́ra wọn, ike á tún lágbára tó láti di ìgò. Ibí yìí nìkan ni mo mọ̀ pé ooru ti ń ran ìmọ́tótó ike àlòkù lọ́wọ́ gan-an, kò sì lè mú iyanrìn tàbí gọ́ọ̀mù kúrò. Ní Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ti ń mú kí ike yòrò pátápátá nínú èròjà olómi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún gbá ike náà jọ padà. Owó rẹ̀ ju agbára irú ilé iṣẹ́ tiwa lọ.

Lọ́dọ̀ wa, òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé kẹ́ẹ̀gì àlòkù kankan ò gbọ́dọ̀ di ohun ìgbóúnjẹ, ì báà jẹ́ epo pupa nìkan ló ti gbé rí. A kì í mọ ìtàn kẹ́ẹ̀gì. Páìpù omi ìdọ̀tí, garawa pàǹtí, ìyẹn ló tọ́ sí i. Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko tí àwọn àgbẹ̀ ìhà Ọ̀dẹ̀dá ń lò, a kì í gbà á rárá, torí omi ìfọ̀ wa kan náà ló máa gbé oògùn yẹn kiri gbogbo ike tó kù. Ọkùnrin kan bínú sí mi lórí èyí. Ó ní, "Àǹtí, ike ṣá ni." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, mi ò sì gbà á.

Àwọn tó ń bi mí bí wọ́n ṣe lè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn gbẹ́ kànga, kẹ́ ẹ mọ kòtò tí omi ìdọ̀tí á dúró sí, kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ ìlọ̀ àti táńkì gígùn. Ìdérí ìgò àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ ló dáa láti fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń léfòó, wọn kì í mu omi, PP sì ń yọ́ ní nǹkan bí 165°C, tí kò tó ti PET rárá. Ẹ fi wọ́n sí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn, torí olùrà máa ń san owó jù lórí funfun. Ẹ fi PET sílẹ̀ títí ẹ ó fi lè gbé omi dé 80°C lójoojúmọ́, iná NEPA ì báà wà, kó má sì wà.